Kí Ló Ń Yún Tanímọ̀la?

Nǹkan bí aago méjì òru ni ìró náà máa ń bẹ̀rẹ̀. Kì í ṣe gbígbó, kì í sì í ṣe ẹkún. Ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ajá wa ni ó ń lu ilẹ̀kùn irin ẹ̀yìnkùlé bí ó ti ń họ etí: gbà-gbà-gbà, yóò dákẹ́ díẹ̀, gbà-gbà-gbà. Ẹni tí ó bá mọ àdúgbò Mende ní Maryland yóò mọ̀ pé àwọn ilé wa sún mọ́ra tó bẹ́ẹ̀ tí ẹnìkan kò lè wúkọ́ kí ará ilé kejì má kí i pé pẹ̀lẹ́. Nítorí náà, kì í ṣe èmi nìkan ni kò rí oorun sùn ní oṣù Keje ọdún tó kọjá. Gbogbo àgbàlá ni kò sùn.

Tanímọ̀la ni orúkọ ajá náà. Bàbá mi ni ó sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ẹ mọ̀ pé àwọn àgbà wa kì í sọ ajá lórúkọ lásán; orúkọ ajá ni wọ́n fi ń ránṣẹ́ sí aládùúgbò tí wọn kò fẹ́ bá sọ̀rọ̀ lójúkojú. Ta ni bàbá mi ń ránṣẹ́ sí? N kò ní sọ ọ́ níbí, nítorí ó ṣeé ṣe kí ẹni náà máa ka ìwé ìròyìn yìí. Ajá ìbílẹ̀ ni Tanímọ̀la, ó pọ́n rúsúrúsú, ìrù rẹ̀ ká sókè, ó sì jẹ́ ọmọ ọdún méjì nígbà tí ohun tí mo fẹ́ sọ yìí ṣẹlẹ̀.

Lẹ́yìn omíyalé ni ọ̀rọ̀ náà bẹ̀rẹ̀. Odò Ìyá Aláró kò jìnnà sí wa. Bí òjò bá rọ̀ léraléra, omi a máa kún dé àwọn òpópó tí ó wà ní ìsàlẹ̀. Ní ìparí oṣù Kẹfà ọdún náà, omi bo ẹ̀yìnkùlé wa dé ọrùn ẹsẹ̀, àwọn ajá ìgboro méjì sì sá wá gun orí àtẹ̀gùn wa. Àánú wọn ṣe mí. Mo fún wọn lóúnjẹ, wọ́n sì sùn ti Tanímọ̀la lórí àpò ìrẹsì kan náà fún òru mẹ́ta gbáko kí omi tó fà. Nígbà tí ilẹ̀ gbẹ, wọ́n bá tiwọn lọ. N kò tún ronú kàn wọ́n mọ́, àfi ìgbà tí ẹnìkan bi mí léèrè wọn ní oṣù méjì lẹ́yìn náà.

Kí ó tó pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, irun ti bẹ̀rẹ̀ sí í re ní ṣóńṣó etí rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ìgúnpá rẹ̀ méjèèjì pá, abẹ́ ikùn rẹ̀ sì pọ́n bí ìgbà tí omi gbígbóná bá dà sí ènìyàn lára. Èépá bẹ̀rẹ̀ sí í bo etí rẹ̀, ó sì ń rùn. Bí ó bá ń jẹun lọ́wọ́, yóò fi oúnjẹ sílẹ̀ kí ó lè họra. Àárín ìgbà náà ni àbíkẹ́yìn màmá tí ń gbé yàrá ìsàlẹ̀, ọmọ ọdún mẹ́rin tí òun àti Tanímọ̀la jọ máa ń yí nílẹ̀ bí ẹni tí ó bá a jáde láti inú ìyá kan náà, bẹ̀rẹ̀ sí í họ ikùn àti apá. Kókó wẹ́wẹ́ pupa ni ó yọ sí i lára.

Màmá gòkè wá bá mi ní òwúrọ̀ ọjọ́ Àìkú kan.

"Ajá yín ló kó kúrúnà ran ọmọ mi."

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ má bínú. Omi àgbàrá yẹn ni. Ọmọ wo ni kò wọ inú omi yẹn?"

"Ṣé omi àgbàrá náà ló ń họ etí ní ẹ̀yìnkùlé?"

Mo dá wọn lóhùn, wọ́n dá mi lóhùn, ọ̀rọ̀ di ariwo. Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, baba onílé ti pè mí sí pálọ̀ wọn, wọ́n ní kí n wá ibòmíràn fún ajá náà kí oṣù Kẹjọ tó parí. Ẹ̀yin tí ẹ ti gbé ilé onílé rí ní Èkó, ẹ mọ̀ pé irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ kì í ṣe àwàdà. Ibo ni mo fẹ́ gbé e lọ? Ẹni tí mo kọ́kọ́ bi ní kí n gbé e fún òun, òun mọ àwọn tí ń fi ajá se ata. Mo pa fóònù.

Oúnjẹ ni mo kọ́kọ́ fura sí. Ohun tí a bá ṣẹ́kù ni Tanímọ̀la máa ń jẹ: ẹ̀bà, ìrẹsì, egungun ẹran, ìgbà mìíràn ẹja yíyan. Mo ti gbọ́ pé oúnjẹ a máa ba awọ ajá jẹ́, òótọ́ sì ni. Àwọn ajá kan wà tí ara wọn kọ ẹran màlúù, àwọn mìíràn kọ mílíìkì, adìyẹ tàbí àlìkámà. Ṣùgbọ́n irú ìyún bẹ́ẹ̀ kì í dédé bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn òjò kí ó sì gba gbogbo ara láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ó máa ń wà lára ajá láti oṣù dé oṣù ni, etí àti àtẹ́lẹsẹ̀ ni ó sì sábà máa ń dà láàmú. Ọ̀nà kan ṣoṣo tí ó dájú láti mọ̀ ọ́n ni kí a fún ajá ní oúnjẹ kan tí kò jẹ rí, òun nìkan, fún bí ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ, kí a sì wò ó bóyá ìyún yóò dáwọ́ dúró. Èmi kò mọ èyí nígbà náà. Mo yọ ẹran kúrò nínú oúnjẹ rẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́rin, mo tún yọ ẹja fún ọjọ́ mẹ́ta, ni mo bá sọ pé oúnjẹ kọ́. Ebi ni mo fi pa ajá náà lásán.

Lẹ́yìn oúnjẹ ni mo kọjú sí eégbọn. Eégbọn kì í wọ́n lára ajá wa, pàápàá eyí tí ó pọ́n bí èso ewéko, tí ó máa ń sá sínú ihò ara ògiri lẹ́yìn tí ó bá ti mu ẹ̀jẹ̀ yó. Abo rẹ̀ kan lè yé ẹgbẹẹgbẹ̀rún ẹyin sínú ihò ògiri náà, ìdí nìyí tí ẹni tí ó bá ń ṣa eégbọn lára ajá láìfọwọ́ kan ilé ajá fi ń ṣe iṣẹ́ àṣedànù. Eégbọn a sì máa kó àìsàn inú ẹ̀jẹ̀ ran ajá, àìsàn tí ó lè pa á. Mo tú irun Tanímọ̀la láti orí dé ìdí ìrù. Eégbọn méje péré ni mo rí, wọn kò sì sí níbi tí ó ti ń họra.

Ó ku kòkòrò wínníwínní tí ń fò, tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní flea. Bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ara ológbò ni wọ́n ti fún èyí tí ó wọ́pọ̀ jù lórúkọ, òun kan náà ni ó kún ara ajá káàkiri ayé. Itọ́ rẹ̀ ni ọ̀tá: àwọn ajá kan wà tí ara wọn kọ itọ́ yìí tó bẹ́ẹ̀ tí ìgbùn díẹ̀ tó láti mú wọn họ ìdí ìrù wọn títí ẹ̀jẹ̀ yóò fi jáde. Ohun kan wà tí ẹnikẹ́ni lè ṣe nílé láti mọ̀ bóyá òun ni. Ẹ fi ìyarun eléyín wẹ́wẹ́ ya irun ẹ̀yìn ajá sórí bébà funfun tí ẹ ti fi omi tẹ́ẹ́rẹ́ wọ́n. Bí ohun dúdú bí erùpẹ̀ bá já bọ́, tí ó sì ń ṣe pupa bí ó ti ń mu omi, kì í ṣe erùpẹ̀; ìgbẹ́ kòkòrò náà ni, ẹ̀jẹ̀ ajá ni ó wà nínú rẹ̀. Mo ṣe é. Erùpẹ̀ Mende lásán ni tiwa, ó dúró ní dúdú.

Mo tún rò ó pé bóyá làpálàpá ni. Làpálàpá kì í ṣe aràn, kì í sì í ṣe kòkòrò. Ó bá ohun tí ń hù lára búrẹ́dì tí ó ti bu tan. Ó máa ń pá irun ajá ní òbìrí-òbìrí, ajá tàbí ológbò sì lè kó o ran ọmọdé. Ṣùgbọ́n kì í sábà yún ajá tó báyìí. Bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ìdin eṣinṣin. Àwọn ìyá wa tí wọ́n máa ń ní kí a lọ aṣọ tí a sá sórí koríko kí a tó wọ̀ ọ́ kò purọ́: eṣinṣin kan wà ní ilẹ̀ Áfíríkà tí ń yé ẹyin sórí iyanrìn àti aṣọ tútù, ọmọ rẹ̀ a sì wọ inú awọ ènìyàn tàbí ajá, a di ohun tí ó jọ eéwo, tí ihò wà lórí rẹ̀. Ajá tí ń sùn sórí ilẹ̀ tútù a máa ní in nínú ikùn àti ẹsẹ̀. Mo wá ihò náà lára Tanímọ̀la, n kò rí i.

Níbi tí ọgbọ́n mi pin sí nìyẹn, ibẹ̀ gan-an ni ìmọ̀ràn àwọn ènìyàn sì ti bẹ̀rẹ̀.

Ìyá àgbà mi ní abúlé ní kí n fi àdín pa á. Ọ̀kan ní ọ̀tá-píápíá ni. Òmíràn ní kẹrosíìnì. Ẹ̀gbọ́n kan tí ń tún ọkọ̀ ṣe ní òpópó wa ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ wọ̀ mí létí jù, nítorí ó ní gbogbo ajá tí òun ti tọ́ láyé òun ni òun fi ọ́ìlì kọ́ńdẹ̀m wò sàn, ọ́ìlì dúdú tí a fà jáde láti inú ẹ́ńjìnnì. Ó bù ú fún mi sínú ike omi, kò gba kọ́bọ̀. N kò lè di ẹ̀bi yìí ru ẹlòmíràn. Èmi ni mo wọ ọ̀rá mọ́wọ́, èmi ni mo fi kànìnkànìn ta á sí ajá lára láti etí dé ìrù, tí òun sì dúró tí ó ń wò mí, tí kò sá, nítorí pé èmi ni.

Òru ọjọ́ náà ni n kò gbọ́ ìró ẹsẹ̀ rẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́. Mo sùn wọra. Mo tilẹ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n yẹn nínú ọkàn mi.

Ní òwúrọ̀ ni mo bá a lábẹ́ àtẹ̀gùn. Ó ti bì káàkiri, itọ́ ń ṣe ṣúúrú lẹ́nu rẹ̀, ojú rẹ̀ pọ́n, èémí rẹ̀ kúrú. Ó ti fi gbogbo òru lá ara rẹ̀. Ajá kò ní ọ̀nà mìíràn tí ó fi ń wẹ̀ ju ahọ́n lọ, ìyẹn ni pé ohunkóhun tí a bá fi pa á lára, oúnjẹ ni a fún un. Mo ti ka ìwé dé yunifásítì, kò sì wá sí mi lọ́kàn.

Kẹ̀kẹ́ márúwá mẹ́ta ni ó kọ̀ fún wa. Ẹ̀kẹrin gbà nígbà tí mo san owó èrò mẹ́ta, tí mo sì fi àpò ìrẹsì méjì wé ajá náà bí ọmọ tuntun. Ọ̀nà Ògùdù ni ilé ìwòsàn ẹranko náà wà. Obìnrin ni dókítà náà, ó kéré sí mi lọ́jọ́ orí, kò sì bú mi. Ọṣẹ tí a fi ń fọ abọ́ ni ó kọ́kọ́ fi wẹ ọ́ìlì náà kúrò, ìgbà mẹ́rin ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀; ó gún un lábẹ́rẹ́, ó fi omi sí i lára. Ó ṣàlàyé fún mi pé ọ́ìlì kọ́ńdẹ̀m kún fún ìdọ̀tí irin àti kẹ́míkà, ó ń jó awọ, ó ń ba inú jẹ́, bí ajá bá sì bì í, ó lè wọ inú ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀. Ó ní ọlọ́run ṣe é tí kì í ṣe ọ̀tá-píápíá. Dichlorvos tí ó wà nínú ọ̀pọ̀ rẹ̀ máa ń dojú kọ iṣan ara; ajá tí ó bá lá a yóò máa da itọ́, yóò máa gbọ̀n, kò sì ní lè mí. Ewu dichlorvos fún ènìyàn fúnra rẹ̀ ni ó mú kí àjọ NAFDAC fi òfin de títa ike rẹ̀ kékeré, ti mílílítà 100 sísàlẹ̀, nínú ọjà ní ọdún 2019. Ti àdín ìyá àgbà mi ńkọ́? Dókítà rẹ́rìn-ín. Ó ní kò ní pa á lára, ṣùgbọ́n kò ní dé ibi tí ọ̀tá wà.

Ọjọ́ kẹta, nígbà tí ajá náà ti jẹun, ni ó wá yẹ awọ ara rẹ̀ wò. Ohun tí ó kọ́kọ́ ṣe kò gbà á ju ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ lọ. Ó mú ṣóńṣó etí Tanímọ̀la láàárín àtàǹpàkò àti ìka, ó ń fi ra á bí ẹni ń ra owó bébà láti mọ̀ bóyá ayédèrú ni. Lójú kan náà ni ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ajá náà bẹ̀rẹ̀ sí í họ afẹ́fẹ́: gbà-gbà-gbà. Mo mọ ìró yẹn. Dókítà náà gbójú sókè, ó bi mí bóyá ẹnikẹ́ni nínú ilé ti ń họra.

Mo dákẹ́.

Ó tún béèrè bóyá ajá mìíràn ti sùn tì í láìpẹ́.

Nígbà náà ni mo rántí àwọn ajá ìgboro méjèèjì, àpò ìrẹsì, àti òru mẹ́ta.

Ó fi abẹ fá awọ etí àti ìgúnpá rẹ̀ fẹ́rẹ́fẹ́rẹ́ títí ẹ̀jẹ̀ fi fẹ́ yọ, ó fi òróró kan po ohun tí ó fá, ó sì gbé e sábẹ́ máíkírósíkóòpù, awò tí ń sọ ohun kékeré di ńlá. Kò rí nǹkan kan. Ó tún fá ibòmíràn; kò rí nǹkan kan. Mo ti fẹ́ máa yọ̀, ó ní kí n má tíì yọ̀. Oríṣi kòkòrò méjì ni ojú lásán kò lè rí, tí wọ́n ń mú kí ajá ní ohun tí gbogbo wa ń pè ní kúrúnà. Èkíní, demodex, ń gbé nínú ihò irun gbogbo ajá, ìyá ni ó sì ń kó o ran ọmọ nígbà tí ó ń fún un lọ́mú ní ọjọ́ díẹ̀ àkọ́kọ́ ayé rẹ̀. Kì í ràn lẹ́yìn náà, kì í ran ènìyàn, kì í sì í sábà yún. Àyàfi bí agbára ara ajá bá dínkù ni ó máa ń pọ̀ jù, tí irun yóò máa re yí ojú àti ẹnu ká, pàápàá lára ọmọ ajá. Ó rọrùn láti rí lábẹ́ awò. Èkejì, sarcoptes, ni oníwàhálà. Ó ń gbẹ́ ihò sínú awọ, ó ń yé ẹyin sínú ihò náà, ó sì ń yún ju ohunkóhun lọ. Etí, ìgúnpá àti abẹ́ ikùn ni ó fẹ́ràn. Ó lè wà lára ajá kí a fá awọ ní ibi mẹ́wàá kí a má sì rí ẹyọ kan, torí náà àwọn dókítà kì í dúró dìgbà tí wọ́n bá rí i. Ìtàn ajá náà, ibi tí ó ń yún un, etí tí a fi ọwọ́ ra tí ẹsẹ̀ sì dáhùn, àti ará ilé tí ń họra: ìwọ̀nyí ni ó fi mọ̀ ọ́n. Ní ìgbà kẹrin tí ó fá awọ, ó rí ẹyin kan. Ó ní kí n wá wò ó. Ó rí róbótó, ó ń dán bí omi, mo sì mọ̀ pé mo ní ìpẹ̀ láti bẹ̀.

Nítorí màmá ilé ìsàlẹ̀ ni wọ́n tọ̀nà. Ajá mi ni ó kó o ran ọmọ wọn. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi bá wọn jà lórí ohun tí ojú wọn rí kedere, tí ìfẹ́ ajá kò sì jẹ́ kí èmi rí.

Ohun tí ó tu mí nínú ni pé kòkòrò ajá yìí kò lè máa pọ̀ sí i nínú awọ ènìyàn. Ó lè wọ̀ ọ́, ó lè mú un yún gidi, ṣùgbọ́n ilé rẹ̀ kọ́ nìyẹn. Bí a bá ti wo ajá sàn, ara ọmọ náà yóò mọ́ láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀. Ó yàtọ̀ sí kúrúnà tí ènìyàn ń kó ran ènìyàn, èyí tí ó nílò oògùn tirẹ̀ fún gbogbo ará ilé. Nítorí náà ni dókítà ẹranko náà fi ní kí wọ́n ṣì gbé ọmọ náà lọ sí ilé ìwòsàn, nítorí òun kì í ṣe dókítà ènìyàn. Èmi ni mo san owó rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ oògùn gba àlàyé díẹ̀, nítorí mo mọ̀ pé àwọn kan nínú yín ti ń ronú nípa abẹ́rẹ́ ivermectin tí wọ́n ń tà níbi tí wọ́n ti ń ta oògùn màlúù. Oògùn àrà ni ivermectin. Inú iyẹ̀pẹ̀ ilẹ̀ Japan ni Satoshi Ōmura ti rí ohun abẹ̀mí tín-ín-tìn-ín tí a ti mú un jáde, òun àti William Campbell sì gba ẹ̀bùn Nobel nítorí rẹ̀ ní ọdún 2015. Òun náà ni a ti ń pín lọ́fẹ̀ẹ́ fún àwọn ará abúlé wa tí eṣinṣin etí odò ń fọ́ lójú, láti ọdún 1987 tí ilé iṣẹ́ tí ń ṣe é ti ṣèlérí rẹ̀. Ó ń pa kòkòrò kúrúnà pẹ̀lú. Ṣùgbọ́n ìwọ̀n tí a ṣe fún màlúù kì í ṣe ìwọ̀n ajá, àwọn ẹ̀yà ajá kan sì wà tí ọpọlọ wọn kò ní ààbò sí i. Àwọn ajá darandaran bíi kólì ni èyí wọ́pọ̀ lára wọn jù, ó sì wà lára àwọn Jámánì ṣẹ́pẹ́dì kan, irú èyí tí ó kún ẹnu géètì ní Èkó. Ní ọdún 2001 ni àwọn onímọ̀ ní Amẹ́ríkà rí àbùkù inú àbùdá tí ń fà á. Irú ajá bẹ́ẹ̀ lè ti orí abẹ́rẹ́ bọ́ sínú oorun àìjí. Oògùn oníhóró, ti ìgbàlódé, ni dókítà fún Tanímọ̀la, lẹ́yìn tí ó gbé e sórí ìwọ̀n.

Ó fún un ní oògùn bakitéríà pẹ̀lú. Ibi tí ọ̀pọ̀ wa ti ń ṣì í mú nìyí. Bí ajá bá ti họra títí awọ fi là, àwọn bakitéríà tí ń gbé jẹ́jẹ́ lára rẹ̀ tẹ́lẹ̀ yóò wọlé, ọyún yóò dé, bẹ́ẹ̀ ni irú ìwúkàrà kan tí ó fẹ́ràn ibi tútù bí inú etí àti abẹ́ abíyá yóò hù, òórùn yóò sì bẹ̀rẹ̀. Ojú ọjọ́ wa tí ó móoru tí ó sì tutù lápapọ̀ ń ràn wọ́n lọ́wọ́. Ẹni tí ó bá wá wo ajá náà lásìkò yìí yóò rí ọyún, yóò fún un ní oògùn ọyún, ara ajá yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ mọ́, lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì gbogbo rẹ̀ yóò tún padà, torí pé ẹni tí ó kọ́kọ́ ṣí ilẹ̀kùn kò tíì kúrò nílé. Àwọn ohun mìíràn sì wà tí kò kan kòkòrò rárá: eruku ilé àti ti òdòdó tí ara ajá kọ̀, tàbí kókó ọrùn tí kò ṣiṣẹ́ tó, tí ajá yóò sanra tí irun ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjèèjì yóò sì máa re láìyún un rárá. Ara pípá kan náà ni gbogbo rẹ̀ jọ lójú àwa tí kò kọ́ iṣẹ́ náà.

Láti àwọn ọdún 1960 ni Yunifásítì Ìbàdàn ti ń kọ́ àwọn dókítà ẹranko, Abẹ́òkúta náà ń kọ́ wọn ní Yunifásítì Iṣẹ́ Àgbẹ̀, àjọ Veterinary Council of Nigeria ni ó sì ń forúkọ wọn sílẹ̀. Ẹ béèrè ìwé àṣẹ. Ọ̀pọ̀ àwọn tí ń gún ajá lábẹ́rẹ́ láti ojúlé dé ojúlé ní àdúgbò wa, ajá tà ni wọ́n kọ́, wọn kò kọ́ ìṣègùn. Owó tí mo san níkẹyìn kò sì pọ̀ tó èyí tí mo ti fi ra ọṣẹ, ìpara àti kẹ̀kẹ́ márúwá.

Mo jó àpò ìrẹsì náà. Mo fi omi gbígbóná àti ọṣẹ fọ abẹ́ àtẹ̀gùn, nítorí kòkòrò náà lè wà láàyè fún ọjọ́ mélòó kan láìsí lára ajá. Dókítà ní gbogbo ajá tí ó bá ń bá tiwa ṣeré ni kí a wò pa pọ̀, mo sì lọ bẹ baba onílé nítorí ṣẹ́pẹ́dì wọn. Wọ́n gbà kí a wo ṣẹ́pẹ́dì. Ní ti ìparí oṣù Kẹjọ, wọ́n ní àwọn kò tíì yí ọ̀rọ̀ padà, ṣùgbọ́n kí a ṣì máa wò ó. Wọn kò sọ ohunkóhun lórí rẹ̀ láti ìgbà náà. Àfi pé a gbọ́dọ̀ so Tanímọ̀la mọ́lẹ̀ bí àlejò wọn bá dé.

Ọsàn méjìlá láti ọjà Mile 12 ni mo fi sọ̀kalẹ̀ lọ bá màmá. Mo kúnlẹ̀. Wọ́n ní kí n dìde, pé ilẹ̀ tútù. Wọn kò sọ pé kò sí nǹkan kan, nítorí nǹkan wà.

Ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin lẹ́yìn hóró oògùn àkọ́kọ́, mo jí ní aago méjì òru, n kò gbọ́ ìró kankan. Àyà mi já. Mo mú tọ́ọ̀ṣì, mo sáré sọ̀kalẹ̀ láìwọ bàtà. Mo bá màmá ní ẹnu ọ̀nà wọn, wọ́n ró ìró, àwọn náà na ọrùn sí abẹ́ àtẹ̀gùn.

"Ó ń sùn?"

Mo tan iná sí i. Irun rúsúrúsú ti ń hù ní etí rẹ̀ bí ewé ìrẹsì. Ikùn rẹ̀ ń lọ sókè, ń bọ̀ nílẹ̀.

"Ó ń sùn mà."

"Ẹ pa tọ́ọ̀ṣì yẹn, ẹ ó jí i."